Kámẹ́rà Kékeré tí Bàbá Mi Gbé Lọ sí Diabo

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín o. Mi ò mọ bí lẹ́tà ṣe ń dé ibi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ọmọ kì í wọlé láì kí ará ilé, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ kí yín. Màmá wà. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n bí òjò bá ti ń ṣú. Wọ́n ti gba obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan sí yàrá iwájú kí ilé má baà dá páropáro, àwọn méjèèjì sì ń jà lórí omi kànga láàárọ̀, wọ́n á tún jọ jẹun lọ́sàn-án.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bíìkì kọ̀wé lónìí ni pé mo lọ ya fọ́tò lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, fọ́tò káàtì séjúù, ìwé tí àlejò fi ń gbé ìlú. Èmi tí wọ́n bí sí Bouaké níhìn-ín, tí mo gbọ́ èdè Dioula kí n tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, èmi náà ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń pè ní àlejò báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló yà mí. Ó tan iná sí mi lójú, ó ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. Kò ní kí n sọ èjìká kalẹ̀. Kò ní kí n rántí ẹnì kan tó fẹ́ràn mi. Ẹ̀yin tí ẹ fi fọ́tò jẹun, ẹ kì í tẹ kámẹ́rà fún ẹni tó bá jókòó síwájú yín láìsọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ ó fi Dioula sọ ọ́ fún oní-Dioula, ẹ ó fi Baoulé yín tí kò já gaara sọ ọ́ fún Baoulé, wọ́n á rẹ́rìn-ín ẹnu yín díẹ̀, ojú wọn á sì rọ̀. Nígbà tí fọ́tò tèmi jáde, ojú mi le bí ojú ẹni tí wọ́n ń wá kiri. Mo jókòó síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa yín, ìrònú náà ò sì tíì tán títí di òní.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta nìyí tí a ti sin yín. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún mi irú ènìyàn tí ẹ jẹ́. Èmi tí mo mọ̀ jù wọ́n lọ, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Mo rántí ìsọ̀ fọ́tò yín. Mo rántí kámẹ́rà ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àti aṣọ ògiri tí wọ́n ya òkun sí, tí àwọn tí kò rí òkun rí máa ń dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ìjọba já iye owó séfà tí a ń ná sí méjì, àwọn ènìyàn kò wọṣọ ẹ̀yẹ wá ya fọ́tò mọ́. Àwọn tó ṣì fẹ́ ya ń lọ sí ilé àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ fọ́tò aláwọ̀ láàárín wákàtí kan. Ẹ kò dúró kí onílé fi àgádágodo lé yín jáde. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ká òkun náà, ẹ gbé e rù wá sílé ní Broukro, Màmá sì fi ṣe ìbora bẹ́ẹ̀dì. Mi ò gbọ́ kí ẹ ráhùn. Ohun tí ẹ sọ ni pé ẹsẹ̀ yín ṣì gbé yín, bí àwọn ènìyàn kò bá lè wá sí ìsọ̀ mọ́, ẹ ó wá wọn lọ.

Oṣù yẹn náà lẹ ra kámẹ́rà kékeré yẹn lọ́wọ́ obìnrin òyìnbó tó ń kọ́ni ní ìṣirò, tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílùú rẹ̀. Kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ojú rẹ̀ á yọ jáde bí orí ìjàpá, á máa gùn sí i, ohun tó wà lókèèrè á sún mọ́ tòsí. Bí ẹ bá pa á, á tún fa orí wọlé. Àwọn onífọ́tò ẹlẹgbẹ́ yín ní Bàbá ti padà di ọmọdé, pé ohun ìṣeré ni wọ́n gbé kọ́rùn. Ẹ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kì í ṣe irú tiyín. Ojú ń tì mí ni. Mo wà ní lísè, ilé ìwé girama, nígbà yẹn, àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi máa ń pe àwa Anago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, ní orúkọ tí mi ò ní kọ sínú lẹ́tà yìí, mi ò sì fẹ́ kí bàbá mi máa rìn kiri ìgboro pẹ̀lú ọṣẹ lọ́rùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ fi kọ́ kámẹ́rà yẹn láì fi fíìmù sí i. Ẹ ń ya adìyẹ. Ẹ ń ya ìkòkò Màmá. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún ya fọ́tò jẹun, ẹ jókòó sílẹ̀ lórí àpótí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ẹ sì pè mí pé kí n wá jókòó tì yín. Ẹ fi hàn mí: èyí ló ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, èyí ló ń pa iná kó má baà kọ mànà síni lójú. Ẹ tún fi ihò kékeré kan hàn mí lábẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ ẹnu bíìkì nìkan ló lè wọ ibẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà náà á máa kùn bó ṣe ń ká fíìmù padà sínú àgolo rẹ̀ pátápátá, bí fíìmù náà kò bá tilẹ̀ tíì tán. Ẹ ní bí fíìmù bá ti wà nínú àgolo, oòrùn ò lè pa á lára, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ṣí kámẹ́rà kó tó ká a, gbogbo ohun tó yà ti lọ nìyẹn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń ṣe bí ẹni tí kò fetí sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ lọ sí Languibonou lọ́jọ́ ọjà, ẹ lọ sí Diabo, ẹ lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ àti ibi òkú. Ibi òkú ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí ẹ rí nínú kámẹ́rà yẹn. Àwọn onífọ́tò tó kù á gbé tiwọn lọ síwájú opó, wọ́n á tan iná sí omijé lójú rẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ ó dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, lábẹ́ igi, ẹ ó fi ojú gígùn yẹn fà wọ́n mọ́ra láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ ní ẹni tó ń sunkún ò gbọdọ̀ rí ẹni tó ń wò ó. Ta ló kọ́ yín? Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tó kọ́ yín níṣẹ́, orí ìjókòó ni wọ́n ti ń ya ènìyàn, wọn ò kọ́ yín ní ìyẹn.

Diabo ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ rántí Affoué, ìyàwó Kouadio tó ń dáko iṣu. Ọdún mẹ́jọ ló fi wá ọmọ. Nígbà tó bí obìnrin, Kouadio ránṣẹ́ pè yín, ẹ sì ya ìyá àti ọmọ ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, nínú fíìmù tó ń ya mẹ́rìndínlógójì. Ẹ kì í fọ fíìmù tí kò tíì kún, nítorí náà ó wà nínú kámẹ́rà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, awakọ̀ kan mú ìròyìn wá láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé pé Affoué ti kú, pé ibà ló gbé e lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Kouadio ní kí wọ́n bi yín bóyá àwòrán náà ṣì wà, torí pé ìyàwó òun kò ya fọ́tò rí yàtọ̀ sí ti ọjọ́ yẹn.

Ẹ kò ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ fọ fíìmù. Ẹ ní ìkíni ọ̀fọ̀ kì í pẹ́, fọ́tò ló lè pẹ́. Ẹ dúró kí n ti lísè dé lọ́sàn-án, ẹ ní kí n bá yín lọ nítorí pé Baoulé tèmi dáa ju tiyín lọ. Mi ò bọ́ aṣọ ilé ìwé. Àkókò yẹn, ojú ọ̀nà ò dára fún àlejò, gbogbo wa la sì mọ̀ pé aṣọ ilé ìwé máa ń jẹ́ kí àwọn agbófinró fojú fo ọmọ dá.

Nígbà tí a dé Diabo, mo bá yín sọ yàkó, ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn wọn, fún gbogbo ilé. Ẹ dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ ya àwọn ìyá tó ń kọrin, ẹ ya Kouadio tó gbé ọmọ mọ́ àyà. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó wá bá wa, ó béèrè fọ́tò ìyàwó rẹ̀. Ẹ fi kámẹ́rà hàn án, ẹ ní inú rẹ̀ ló wà, bí Ọlọ́run bá fẹ́, yóò rí i. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kámẹ́rà náà díẹ̀, bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Ó sì yí padà sínú ilé.

Nínú mọtò tí a wọ̀ padà, àyè kan ló kù níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àyè kan sì kù lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin oníṣòwò. Ẹ ní kí n jókòó síwájú. Bí a ṣe ń sún mọ́ Bouaké, àwọn agbófinró tó fi bàráàjì dínà dá wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn wá sí ojú fèrèsé mi. Ó wo aṣọ ilé ìwé mi, ó wo ojú mi. Ó bi mí ní Faransé pé ta ni mo bá wá.

Mo ní, “Èmi nìkan ni.”

Bàbá, mi ò tíì ronú kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń sọ fún ara mi. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, mo máa ń ronú kí n tó sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ wà lẹ́yìn mi, kò ju ìjókòó méjì lọ, mo sì mọ̀ pé ẹ gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ yín. Káàtì yín ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún tuntun ló wà lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní ìwé yẹn kì í ṣe káàtì. Wọ́n ní kí Bàbá Anago bọ́ sílẹ̀. Olórí wọn bi yín bóyá ẹ ní ènìyàn kankan nínú mọtò náà. Mo ń wo yín nínú dígí ẹ̀gbẹ́ mọtò. Ẹ kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

Ẹ ní, “Rárá o. Èmi nìkan ni.”

Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an lẹ gbà sọ, kò lé, kò dín. Ẹ̀yin tí ẹ lè padà sí ọjà lójú oòrùn nítorí pé ẹ sọ fún ẹnì kan pé ẹ̀ ń bọ̀. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu yín láyé mi nìyẹn, èmi ni mo sì kọ́kọ́ pa á.

Olórí wọn wá rí kámẹ́rà lọ́rùn yín. Ó ní ẹ ti ń ya bàráàjì àwọn, pé kí ẹ ṣí i kí oòrùn wọ inú rẹ̀. Mo rí i tí ẹ fa bíìkì yọ nínú àpò àyà, èyí tí ẹ fi ń kọ orúkọ àwọn tí ẹ bá yà. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn ní Dioula. Ẹ kí olórí wọn, ẹ kí àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ béèrè ilé, ẹ béèrè iṣẹ́, ẹ kí wọn kú oòrùn, ẹ gbàdúrà fún ìyá tó bí i lọ́mọ, ohùn yín ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ yín wà lábẹ́ kámẹ́rà. Èmi nìkan nínú mọtò yẹn ni mo mọ ohun tí ìkíni gígùn yẹn ń bò mọ́lẹ̀. Èèyàn ò lè dá àgbàlagbà tó ń gbàdúrà fún ìyá rẹ̀ lẹ́nu kọ́, olórí náà ń ṣe àmín. Nígbà tí àdúrà tán, ẹ ṣí kámẹ́rà náà ní gbangba, ẹ sì nà án sí oòrùn bó ṣe pàṣẹ. Àgolo fíìmù wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti ká sínú. Ó wò ó, ó ní ó dáa.

Affoué wà láàyè nínú àgolo yẹn.

Wọ́n ní kí awakọ̀ wa máa lọ. Mọtò gbéra, ẹ kù síbẹ̀. Obìnrin kan wà lẹ́yìn tó mọ̀ wá, tó ń ta aṣọ nítòsí ìsọ̀ yín àtijọ́.  Títí a fi dé ibùdókọ̀, ojú rẹ̀ ń jó mi lẹ́yìn ọrùn.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Màmá pé ẹ ti dúró ní Diabo.

Ẹ dé bí wọ́n ṣe ń pe ìrun máńgàríbì. Ẹsẹ̀ lẹ fi rìn wá láti ẹnu ìlú, eruku pupa ti dé orúnkún yín. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè bọ́ síwájú, mi ò lè padà. Ẹ wò mí, ẹ bọ́ bàtà.

Ẹ ní, “Ṣé o ti jẹun?”

Mo ní mi ò tíì jẹun. Ẹ kírun tán, ẹ ní kí n gbé oúnjẹ wá, a sì jọ jẹ ẹ́ nínú àwo kan. Ẹran wà nínú ọbẹ̀, ẹ sún un sí ọ̀dọ̀ mi. Ẹ wá ń fi ìròyìn ọ̀nà ṣe ẹ̀fẹ̀ fún Màmá. Ẹ ní lẹ́yìn tí mọtò lọ, olórí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo kámẹ́rà náà, ó béèrè bóyá ó ń ya ènìyàn dáadáa. Ẹ fi fíìmù tuntun sí i, ẹ mú un dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ dára, ẹ sì ní kó rántí ẹnì kan tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ní ọkùnrin náà ní ìyá òun ti kú, pé ṣé òun lè rántí òkú. Ẹ ní ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó dá ìwé yín padà, ó ní kí ẹ máa lọ. Ẹ padà gbé fọ́tò yẹn lọ fún un lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá bínú. Ẹ ní ẹni tó bá dúró síwájú kámẹ́rà yín, ènìyàn ni.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìròyìn yẹn, ẹ kò sọ pé mo wà nínú mọtò. Màmá kò mọ̀ títí di òní. Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí? Mo dúró de ìbáwí yẹn lọ́jọ́ kejì, mo dúró dè é lọ́jọ́ kẹta. Bí ẹ bá nà mí, ì bá sàn. Nígbà tí àìsàn dá yín wó, tí mò ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ẹsẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ máa ń pa ojú dé. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́ ni?

Fọ́tò Affoué jáde lọ́jọ́ Tuesday tó tẹ̀ lé e. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló pé. Affoué jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lórí itan, kò wo kámẹ́rà, ọmọ ló ń wò, ó sì ń rẹ́rìn-ín irú èyí tí èèyàn kì í rín bó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ẹ ti jìnnà sí i nígbà tí ẹ yà á. Ojú gígùn kámẹ́rà yẹn ló fà á mọ́ra. Mo wò ó pẹ́, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun ìṣeré lẹ gbé kọ́rùn.

Ọ̀sán Wednesday tí a kì í kàwé, ẹ ní kí n múra, pé a ń lọ sí Diabo. Ní ibùdókọ̀, ẹ gba ìjókòó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo ti mú ìdáhùn mi dání. Láti Broukro ni mo ti ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi, pé bí wọ́n bá bi mí, màá ní bàbá mi ni, màá sọ ọ́ ní Faransé, màá tún un sọ ní Dioula. A dé bàráàjì. Wọ́n ń jẹun lábẹ́ igi. Ọ̀kan fi ọwọ́ júwe pé kí awakọ̀ máa lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Ní agbo ilé Kouadio, gbogbo ẹbí jókòó. Ẹ yọ àpòòwé fọ́tò nínú àpò, mo rò pé ẹ fẹ́ gbé e fún un. Èmi lẹ gbé e fún. Ẹ gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ẹ tì mí síwájú díẹ̀, síwájú gbogbo wọn, ẹ sì fi Baoulé yín tí kò já gaara sọ̀rọ̀. Ẹ kò jẹ́ kí n bá yín túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ ní, “Ọmọ mi nìyí. Òun ló gbé e wá.”

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Kouadio. Ó wo àkọ́kọ́, ó wo ìkejì. Lẹ́yìn náà ó sún ọmọ rẹ̀ sókè lórí apá, ó yí fọ́tò náà sí i lójú, ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Mi ò túmọ̀ ìyẹn fún yín. Ẹ ò sì béèrè. Ọwọ́ yín ṣì wà ní èjìká mi.

Bàbá, ẹ darí jì mí. Ọdún wọ̀nyí ni mo fi wá bí màá ṣe sọ ọ́, kò sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ibi yòówù kí wọ́n ti bi mí léèrè báyìí, lójú ọ̀nà tàbí ní ọ́fíìsì, ẹ̀yin ni mo bá wá.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ pè lọ́mọ lójú gbogbo ayé.